Orúkọ Ẹ̀ka ní Ojú Kọ̀ǹpútà: Àgbéyẹ̀wò Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Àwọn Ètò Aṣàfihàn Git Máa Kọ Ọ́

Láti ìgbà tí Co-Creation Hub ti ṣí ilẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá ní ọdún 2011, tí iléeṣẹ́ Andela sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìṣètò kọ̀ǹpútà ní Èkó ní ọdún 2014, agbègbè tí ó yí Yunifásítì Èkó àti Yaba College of Technology ká ti di ojúkò iṣẹ́ sọ́fítíwíà, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn débi pé Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, wá fi ojú ara rẹ̀ rí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Owó tí ó ń wọlé àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń là ni àwọn tí ó ń kọ̀wé nípa agbègbè náà sábà máa ń sọ, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu kan irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń lò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn Git, ètò ìṣàkóso ẹ̀dà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2005. Iṣẹ́ ètò ìṣàkóso ẹ̀dà ni láti máa pa gbogbo ìyípadà tí ó bá kóòdù mọ́, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ ṣiṣẹ́ lórí kóòdù kan ṣoṣo láìpa iṣẹ́ ara wọn rẹ́, kí ẹni tí ó bá sì ṣàṣìṣe lè padà sí ibi tí nǹkan ti dára.

Ìbéèrè kan wà nínú lílo irinṣẹ́ yìí tí ó kéré lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó ń kọ ètò aṣàfihàn, ìyẹn ètò tí ó ń ya ìtàn kóòdù sí ojú kọ̀ǹpútà, kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí: nígbà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé ibi tí ẹ̀ka kan wà, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó kọ orúkọ ẹ̀ka náà? Àwọn kan ń kọ ọ́ ní kíkún bí Git fúnra rẹ̀ ṣe tọ́jú rẹ̀, àwọn mìíràn ń gé e kúrú nítorí pé ojú kọ̀ǹpútà kò fẹ̀ tó, àwọn kan sì gbà pé àwọ̀ àti àwòrán kékeré tó láti ṣe iṣẹ́ tí ìṣáájú orúkọ ń ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó tọ̀nà délẹ̀, nítorí pé ohun méjì ni orúkọ atọ́ka ń sọ lẹ́ẹ̀kan náà: irú ohun tí ó jẹ́, àti ohun tí ó ń jẹ́. Ètò aṣàfihàn lè gé èkejì kúrú bí ààyè bá há, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gbé èkíní pamọ́ nígbà kankan.

Nínú Git, ní gbogbo ìgbà tí olùṣètò kọ̀ǹpútà bá fi iṣẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, a máa di kọ́míìtì kan, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ ipò tí gbogbo fáìlì wà ní àkókò náà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti ìtọ́ka sí kọ́míìtì tí ó ṣáájú rẹ̀. Orúkọ tí kọ́míìtì ń jẹ́ gan-an ni ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 tí kò sí ẹni tí ó lè há a sórí, ìdí nìyẹn tí Git fi gba àwọn ènìyàn láyè láti fi orúkọ tí ẹnu lè pè tọ́ka sí i, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni atọ́ka. Ẹ̀ka jẹ́ atọ́ka tí ó ń ṣí lọ síwájú bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ, táàgì jẹ́ atọ́ka tí ó dúró sójú kan, tí wọ́n fi ń sàmì sí ẹ̀dà tí ó ti jáde, bíi “v1.0”, ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn sì jẹ́ atọ́ka tí ó ń rántí ibi tí ẹ̀ka kan dé lórí sáfà, ní GitHub tàbí GitLab, ní ìgbà ìkẹyìn tí kọ̀ǹpútà olùṣètò bá sáfà náà sọ̀rọ̀. Ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Git kó wọn sí: ẹ̀ka wà lábẹ́ “refs/heads/”, táàgì wà lábẹ́ “refs/tags/”, ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn sì wà lábẹ́ “refs/remotes/”. Nítorí náà, orúkọ kíkún ẹ̀ka tí gbogbo ènìyàn ń pè ní “main” ni “refs/heads/main”, bí ẹ̀ka náà bá sì wà lórí sáfà tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ “origin”, orúkọ kíkún ohun tí ó ń rántí rẹ̀ ni “refs/remotes/origin/main”.

Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ kíkún kò lè ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ máa ka “refs/heads/” ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Àṣẹ “git log”, tí ó ń tẹ ìtàn kóòdù jáde, fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ kíkún àti orúkọ kúkúrú, láti ẹ̀dà 2.13 tí ó jáde ní ọdún 2017 sì ni ó ti ń tẹ orúkọ kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ kọ́míìtì nínú tẹ́mínà, ìyẹn ojú ibi tí ènìyàn ti ń tẹ àṣẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń yọ ìṣáájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ lókè kúrò, ó sì ń fi “tag:” síwájú táàgì. Ibi tí ewu wà nìyí: kò sí ohun tí ó ní kí ènìyàn má dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ ní “origin/main”, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ń kánjú tẹ àṣẹ. Orúkọ kíkún irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni “refs/heads/origin/main”, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e kúrú, “origin/main” ni yóò kù, tí kò fi ìyàtọ̀ kankan ní sí ti ọ̀nà jíjìn àfi àwọ̀ nìkan, nítorí pé àwọ̀ ewé ni Git fi ń kọ ẹ̀ka inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi pupa kọ ti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ dojú rú fún bá wá ṣe àdàkọ ohun tí ó rí, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, àwọ̀ ti ré kúrò lójú ọ̀nà, ẹni tí wọ́n ń bèèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ní rí ohun tí ó fa wàhálà.

Ohun tí ó jọ èyí ni ti ẹ̀ka àti táàgì tí ó jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Git kò kọ̀ ọ́ pé kí ẹ̀ka jẹ́ “v2” kí táàgì náà sì jẹ́ “v2”, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ “git log v2”, táàgì ni yóò mú, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé orúkọ náà lójú méjì, bí ó bá sì tẹ “git checkout v2”, ẹ̀ka ni yóò mú. Àṣẹ mìíràn nínú Git kan náà, “git for-each-ref”, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tí ó dára ju gbogbo èyí lọ, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ní kí ó kọ orúkọ kúkúrú, kì í gé ju ibi tí kò ti ní rú ènìyàn lójú. Bí táàgì “v2” bá wà, ẹ̀ka náà kò ní jẹ́ “v2” mọ́, “heads/v2” ni yóò kọ. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ìgékúrú olóye bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè mìíràn sì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó ń wọkọ̀ láti Yábàá kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ kí awakọ̀ tó mọ ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé Git, tí ó ní ọgbọ́n yìí nínú àṣẹ kan, kò lò ó nínú àṣẹ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ jùlọ, tí ó sì tún jẹ́ pé “git branch -a” ń kọ “remotes/origin/main” fún ohun kan náà tí “git log” ń pè ní “origin/main”.

Nínú àwọn ètò aṣàfihàn alájúwòrán, èyí tí ó pẹ́ jùlọ tí wọ́n ṣì ń lò ni gitk, tí Paul Mackerras kọ, tí ó sì máa ń bá Git rìn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó rẹwà, ṣùgbọ́n ìpinnu tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ nípa orúkọ ẹ̀ka lọ́gbọ́n nínú ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ: inú àpótí aláwọ̀ ewé ni ó ń kọ ẹ̀ka sí, táàgì wà nínú àpótí aláwọ̀ ìyeyè, bí ó bá sì di ti ọ̀nà jíjìn, ó ń kọ ìṣáájú “remotes/origin/” sí inú àwọ̀ kan, ó sì ń kọ orúkọ ẹ̀ka gan-an sí inú àwọ̀ mìíràn, tí ojú fi lè fo apá kìíní nígbà tí kò bá nílò rẹ̀, kí ó sì tún rí i nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Àwọn ètò òde òní gba ọ̀nà mìíràn. GitKraken ń so ẹ̀ka inú kọ̀ǹpútà àti ti ọ̀nà jíjìn tí ó bá bá a dọ́gba pọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan, ó sì ń fi àwòrán kékeré sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn ètò JetBrains lè ka ìlà ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó wà nínú orúkọ sí ẹnu fódà, kí “àtúnṣe/owó-sísan” wà lábẹ́ “àtúnṣe”, kí “ìdánwò/owó-sísan” sì wà lábẹ́ “ìdánwò”. Ìfódà bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀ nínú àtòjọ gígùn, pàápàá fún àwọn tí ó ń tẹ̀lé ìlànà tí Vincent Driessen kọ jáde ní ọdún 2010, tí orúkọ ẹ̀ka wọn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “feature/”, “release/” tàbí “hotfix/”, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìtàn kóòdù, níbi tí kò sí fódà tí ojú lè wò, orúkọ gbọ́dọ̀ pé, nítorí pé “owó-sísan” nìkan kò sọ bóyá àtúnṣe ni tàbí ìdánwò.

Ìsopọ̀ tí GitKraken ń ṣe náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ènìyàn gbàgbé pé ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ẹ̀ka tí ó wà lórí sáfà ní ìṣẹ́jú tí ènìyàn ń wò ó. Ohun tí kọ̀ǹpútà rántí ni. Lọ́dọ̀ ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í já, ìyàtọ̀ àárín ìrántí àti òtítọ́ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní Yábàá, níbi tí iná lè lọ lọ́sàn-án kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa fà títí di alẹ́, “origin/main” tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ti àná tàbí ti ìjẹta. Ó tún wá burú sí i fún àwọn tí ó ń bá iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Andela kọ́ ṣe ń ṣe, nítorí pé aago Èkó fi wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ṣáájú ti San Francisco, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ará Yábàá bá ń sùn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ tiwọn ránṣẹ́ sórí sáfà. Git kò ṣaláìní ohun tí aṣàfihàn lè fi mọ ọjọ́ orí ìrántí yìí, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá tẹ “git fetch”, àṣẹ tí ó ń bèèrè ìròyìn tuntun lọ́wọ́ sáfà, ni fáìlì kan tí ń jẹ́ FETCH_HEAD ń gba àkókò tuntun. Ètò tí ó bá kọ “origin/main” tí ó sì fi àwọ̀ rírẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé wákàtí mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n rí i gbẹ̀yìn yóò gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣedànù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ètò aṣàfihàn ni ó ń gbìyànjú irú rẹ̀.

Àìgbọ́ra-ẹni-yé mìíràn wà tí ó ti inú ìrìn Git gan-an wá. Nínú Mercurial, ètò ìṣàkóso ẹ̀dà mìíràn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 kan náà, inú kọ́míìtì ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ka sí, tí aṣàfihàn fi lè sọ láìṣiyèméjì orúkọ ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣe kọ́míìtì kọ̀ọ̀kan. Git kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́míìtì kò mọ ẹ̀ka tí wọ́n ti bí i, orí kọ́míìtì tí ó kẹ́yìn nìkan ni orúkọ ẹ̀ka ń jókòó lé, bí wọ́n bá sì pa ẹ̀ka náà rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dà á pọ̀ mọ́ “main”, ohun tí ó kù nínú ìtàn kò ju gbólóhùn tí Git kọ sínú kọ́míìtì ìdàpọ̀, bí ẹni tí ó ṣe é kò bá pa á rẹ́. Nítorí náà, ètò aṣàfihàn Git tí ó bá ya ìlà kan ní àwọ̀ búlúù, tí ó wá kọ orúkọ ẹ̀ka kan sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo kọ́míìtì tí ó wà lórí ìlà náà, àbá ni ó ń dá, kì í ṣe ẹ̀rí ni ó ń jẹ́. Kò burú kí ó dábàá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àbá yàtọ̀ sí òtítọ́ lójú ẹni tí ń wò ó: orúkọ tí ó wà nínú àpótí kí ó dúró fún atọ́ka tí ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí èyí tí ètò náà fi orí ara rẹ̀ rò sì wà láìní àpótí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ẹ̀ka àkọ́kọ́ kò gba àkókò púpọ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni GitHub ti ń pe ẹ̀ka àkọ́kọ́ inú ibi ìpamọ́ tuntun, ìyẹn ibi tí kóòdù iṣẹ́ kan àti ìtàn rẹ̀ wà, ní “main” dípò “master”, lẹ́yìn tí Git ti fi àyè sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún náà, nínú ẹ̀dà 2.28, kí olúkúlùkù yan orúkọ tí ó bá wù ú. Iléeṣẹ́ tí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní láti máa lo méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, aṣàfihàn tí ó bá sì ń gbé “master” sókè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka pàtàkì nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan ti kùnà; atọ́ka tí ń jẹ́ HEAD lórí sáfà, tí ó ń sọ ẹ̀ka tí ó jẹ́ pàtàkì níbẹ̀, ni ó yẹ kí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ gígùn ni ó ń fa ìjà jùlọ láàrin àwọn tí ó ń ya ojú ètò. Àṣà ti wà ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ pé kí orúkọ ẹ̀ka ní irú iṣẹ́, nọ́ńbà ìwé iṣẹ́, àti àlàyé díẹ̀ nínú, tí ó fi lè gùn tó lẹ́tà ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aṣàfihàn bá gé e ní ìparí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka inú àtòjọ lè bẹ̀rẹ̀ bákan náà, kò sì ní rọrùn láti dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Bí ó bá gé e ní ìbẹ̀rẹ̀, irú iṣẹ́ àti nọ́ńbà yóò pòórá. Gígé ní àárín ni ó sàn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ó dá orí sí ó sì dá ìrù sí, ṣùgbọ́n òun náà kò ní láárí bí kò bá sí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè rí orúkọ náà ní kíkún. Àwọn tí ó ń ya ojú ètò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń gbà pé ọwọ́ eku kọ̀ǹpútà tí ó bá rà bàbà lórí orúkọ yóò tú u sílẹ̀, wọ́n ń gbàgbé pé lórí fóònù, níbi tí ọ̀pọ̀ olùṣètò ní Nàìjíríà ti ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò nínú bọ́ọ̀sì tàbí nígbà tí iná bá lọ, kò sí ọwọ́ eku kankan tí ó lè rà bàbà. Títẹ orúkọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ tó láti tú u sílẹ̀. Bọ́tìnnì tí ó ń ṣe àdàkọ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mú orúkọ tí Git lè gbà láìṣiyèméjì, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n gé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹni tí ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni ti lẹ́tà àti àmì. Òfin Git lórí orúkọ atọ́ka kò pọ̀: kò gbọdọ̀ sí àlàfo nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí àmì bíi “~”, “^”, “:”, “?”, “*” àti “[”, kò gbọdọ̀ sí àmì ìdánudúró méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, kò sì gbọdọ̀ parí pẹ̀lú “.lock”. Lẹ́tà tí ó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀ kò sí lára ohun tí ó kọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ka lè jẹ́ “ọjà” láìsí wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú “ọjà”. Unicode, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, gbà kí “ọ” jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tàbí kí ó jẹ́ “o” tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé, ó sì gbà kí “à” náà jẹ́ lẹ́tà kan tàbí kí ó jẹ́ “a” tí àmì ohùn tẹ̀lé. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n lè gbà kọ ọ̀rọ̀ kékeré yìí tí ojú kò fi ní rí ìyàtọ̀ kankan, ọ̀kan gba báìtì mẹ́fà, òmíràn gba méje, Git kì í sì í wo ojú ọ̀rọ̀, báìtì ni ó ń wò. Ẹni méjì tí kìbọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀ lè dá ẹ̀ka méjì tí ó jọ ń jẹ́ “ọjà” sílẹ̀ lórí sáfà kan náà, kí ọ̀kan máa bá iṣẹ́ lọ lórí tirẹ̀, kí èkejì sì máa ṣe kàyéfì pé iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ òun kò dé. Lẹ́tà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ tí ó sì tún ní àmì ohùn, bíi “ẹ́” àti “ọ́”, ni ó tilẹ̀ le jù, nítorí pé Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún wọn rárá, àkópọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́nàkọnà. Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti àwọn tí ó ń fi ìlà òòró kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó-tò.

Ètò tí ó bá ń gé orúkọ kúrú láìmọ èyí lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ní ọ̀nà méjì. Bí ó bá ń ka báìtì dípò lẹ́tà, ó lè gé “ẹ”, tí ó jẹ́ báìtì mẹ́ta, sí méjì, kí àmì ìbéèrè aláìnítumọ̀ wá jókòó sí àyè rẹ̀. Bí ó bá sì ń ka nọ́ńbà Unicode dípò ohun tí ojú ń rí, ó lè gé àárín “ọ” àti àmì ohùn orí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Àṣẹ Git tí ó ń to fáìlì ní ìwà kan tí ó jọ èyí, nítorí pé bí wọn kò bá yí ètò “core.quotePath” padà, orúkọ fáìlì tí ó bá ní “ẹ” nínú ń jáde pẹ̀lú “\341\272\271” ní àyè lẹ́tà náà, Git kì í ṣe èyí sí orúkọ ẹ̀ka, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí wọ́n kọ́ lé e lórí ń ṣe é nígbà mìíràn. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, bíi YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, àti iṣẹ́ dídá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Iroro Orife kọ jáde ní ọdún 2018, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ àmì kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ olùṣètò ń ṣe ni pé wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ka ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí wọ́n kọ Yorùbá láìsí àmì, tí “owo” fi lè jẹ́ owó, òwò, ọwọ́ tàbí ọ̀wọ̀. Kò sí ẹ̀bi fún wọn, irinṣẹ́ ni kò fi ọkàn wọn balẹ̀. Ohun tí aṣàfihàn lè ṣe kò sì ju mẹ́ta lọ: kí ó kọ orúkọ bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́ láìtún un ṣe, kí ó kìlọ̀ nígbà tí orúkọ méjì bá dọ́gba lójú ṣùgbọ́n tí báìtì wọn kò dọ́gba, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá wá “oja” rí “ọjà”.

Ààbò ni ìdí mìíràn tí kò fi yẹ kí ètò kankan gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ẹ̀ka bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Git kọ àlàfo, ṣùgbọ́n kò kọ “$”, kò kọ “;”, kò kọ àkámọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àmì wọ̀nyí ni tẹ́mínà fi ń mọ̀ pé àṣẹ ni wọ́n ń pa fún òun. Kí ẹ̀dà 1.9.3 tó jáde, ètò kékeré tí ó ń kọ orúkọ ẹ̀ka sí iwájú ibi tí ènìyàn ti ń tẹ àṣẹ kì í yẹ orúkọ náà wò, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá kàn wọ inú ibi ìpamọ́ tí aṣebi kan ti fi orúkọ burúkú sí lè rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò rán an. CVE-2014-9938 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ àléébù náà sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n fi àṣẹ pamọ́ sínú orúkọ ẹ̀ka kan tí wọ́n fi ṣọwọ́ sí ibi ìpamọ́ Ultralytics, ilé àwọn kóòdù ìdámọ̀ àwòrán tí gbogbo ayé ń lò, ẹ̀rọ aládàáṣe GitHub tí ó ń yẹ iṣẹ́ wò sì ka orúkọ náà bí àṣẹ, ó mú un ṣe, àwọn ẹ̀dà tí ó ní ètò ìwakùsà owó kírípítò nínú sì jáde sí gbangba. Aṣàfihàn kò ní láti dènà irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó gbé e fún tẹ́mínà láìfi àmì ààbò dè é, ó sì yẹ kí àwọn àmì tí ó ṣàjèjì nínú orúkọ hàn kedere sí ẹni tí ń kà á.

Iye àwọn atọ́ka náà lè di ẹrù. GitHub ń dá “refs/pull/” sílẹ̀ fún ìbéèrè ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan, GitLab ní “refs/merge-requests/” tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣe àdàkọ gbogbo ibi ìpamọ́ pẹ̀lú “git clone --mirror” yóò bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pàdé, tí ìtàn kóòdù yóò fi parẹ́ lábẹ́ orúkọ. Àwọn ẹ̀dà Git tuntun ti ń fi ẹ̀ka, táàgì, ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn àti ìwọ̀nba atọ́ka díẹ̀ mìíràn nìkan hàn bí ènìyàn kò bá sọ pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpinnu náà sì tọ́. Lórí àwọ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: pupa àti àwọ̀ ewé tí Git yàn ni àwọ̀ méjì tí ojú àwọn tí kò mọ àwọ̀ yà sọ́tọ̀ sábà máa ń kùnà lé lórí, nítorí náà kí àwọ̀ máa ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ó má gba ipò rẹ̀.

Ìyípadà kan ti bẹ̀rẹ̀ tí yóò yanjú díẹ̀ nínú àwọn ìṣòro wọ̀nyí tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Fáìlì lásán ni atọ́ka kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ nínú ètò àtijọ́, èyí ni ó fà á tí ẹ̀ka “Atunse” àti “atunse” fi ń fara gbá ara wọn lórí Windows àti macOS, tí kì í sábà ya lẹ́tà ńlá sí lẹ́tà kékeré. Ní ọdún 2024, ẹ̀dà 2.45 mú ìtọ́jú tuntun kan wọlé tí ń jẹ́ reftable, tí ó ń kó gbogbo atọ́ka sínú tábìlì, tí ìfaragbá lẹ́tà ńlá àti kékeré fi ní láti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka méjì tí ó jọ ń jẹ́ “ọjà” yóò wà nínú tábìlì náà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsí ìfaragbá kankan, nítorí pé báìtì wọn kò dọ́gba, aṣàfihàn nìkan ni ó sì lè sọ fún ènìyàn pé méjì ni wọ́n.